Ọwọ́ Ta Ló Wà Lábẹ́ Dùùrù?

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n tètè wí i. Ẹni tó bá rò pé mò ń parọ́, kó wọ mọ́tò lọ sí Kàbbà, kó béèrè ilé Tíṣà Ernest onídùùrù. Ọmọdé á mú un débẹ̀. Kó má wulẹ̀ wo nǹkan mìíràn. Ilẹ̀kùn ilé náà ni kó wò. Tó bá wò ó tán, kó wá bá mi níbí kó ní irọ́ ni.

Ernest Ọlábímtán ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń kọ́ àwọn akọrin. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù láyé ni kí ẹnìkan gbé ewì fún un kó wá orin sí i. Kì í sì í ṣe orin kórin. Ó ní òfin kan: kò gbọdọ̀ fi orin da ọ̀rọ̀ rú. Bí ohùn ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin á gòkè. Bó bá sọ̀, orin á sọ̀. Kó tó fi ìka kan dùùrù rárá, yóò ní kí ẹnìkan ka ewì náà sókè. Òun á di ojú, á máa fi ọwọ́ lọ sókè sódò bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Àwọn akọrin á máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò kàn án.

"Gbogbo èdè tí ènìyàn ń sọ ló ní ohùn tirẹ̀," á ní. "Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, etí rẹ̀ ló di."

Dùùrù kan wà ní pálọ̀ rẹ̀. Àlòkù míṣọ̀n ni. Nígbà tí wọ́n ra tuntun, wọ́n gbé ògbólógbòó yẹn fún un. Irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Pátákó méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ wọ́n, àpò inú rẹ̀ á máa fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ìgbà náà ló tó lè dún. Láìsí afẹ́fẹ́, pákó lásán ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nítorí eruku, Priscilla ìyàwó rẹ̀ ta aṣọ kan bo ìsàlẹ̀ dùùrù náà. Ìyá Priscilla ló hun ún, ní Ayewa nílẹ̀ Bùnú. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni Monica ọmọ wọn sọ di ilé.

Monica nìkan ni wọ́n bí. Bí bàbá rẹ̀ bá ti jókòó sídìí dùùrù, ọmọ náà á ti rá wọ abẹ́ rẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé àwọn pátákó.

"Bàbá, ẹ ká ẹsẹ̀ yín."

Ernest á ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga.

"Ẹ má wò mí o!"

Bó bá dán an wò kó yọjú, ọwọ́ á dúró, dùùrù á kérora, á kú. Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Nítorí náà kì í wò. Òun á máa tẹ̀ lókè, ọmọ á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, títí orin á fi parí. Bí orin bá sì ti parí, eré di tìta nìyẹn. Monica á yọ lábẹ́ aṣọ, á sáré jáde, á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Monica! Ilẹ̀kùn!" Ìyá rẹ̀ á pariwo láti ẹ̀yìnkùlé.

Èsì kan náà ló máa ń fọ̀ padà láti ojú ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ó ga níbẹ̀rẹ̀, á fà á láàárín, á wá já a sílẹ̀ lójijì bí ọmọ tó fò bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Priscilla á máa kùn, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ibà ló mú un nígbà òjò. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ibà náà le, ọmọ ti lọ. Ọmọ ọdún méje. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Láti ìgbà náà, àwọn ará àdúgbò ò pè é ní Bàbá Monica mọ́. Àánú ni, wọn ò gbèrò ibi. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Priscilla, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ló ń gbé àwọn akọrin ró, kò kọrin mọ́. Kò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí mọ́. Bí àlejò bá wọlé, á dìde lọ tì í. Bí àlejò bá jáde, á tì í. Ernest pa dùùrù dé. Ilé náà wá dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́ tó jẹ́ pé bí ṣíbí bá bọ́ nílẹ̀, àwọn méjèèjì á ta gìrì.

Òmìnira ò tíì dé nígbà náà. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo ayé ti là, nígbà tí Fada Lúsíẹ́nì gun alùpùpù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

"Okun o, Tíṣà," ó kí i bí àwọn ará Kàbbà ṣe ń kíra.

"Okun, Fada. Ẹ máa wọlé."

Priscilla dìde, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Kánádà ni Fada yìí, láti apá ibi tí wọ́n ti ń fi Faransé rẹ ọmọ lẹ́kún. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò tijú láti sọ ọ́. Ó jókòó. Ó wúkọ́ pẹ́.

"Ìyá mi kú," ó ní.

"Háà! Ẹ kú ìrọ́jú o, Fada. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn."

"Àmín. Nígbà tí mo kéré, ó máa ń ka ewì kan. Ní ìrọ̀lẹ́. Yìnyín á bo gbogbo ilẹ̀. Àwa ọmọ wà nínú igbó, à ń ṣẹ́ igi ìdáná. Òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà."

"Àwọn ló ṣe ewì náà fúnra wọn?"

"Kò mọ̀wé. Orí rẹ̀ ló ti jáde." Ó mú tákàdá kan láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí itan. "Mo fẹ́ kó di orin. Tí ọyẹ́ bá tán, mo ń lọ sílé. Dókítà ní àyà mi kò dára. Mi ò ní padà wá. Mo fẹ́ kọ orin náà létí sàréè rẹ̀."

"Fada, mi ò gbọ́ Faransé."

"Ẹ gbọ́ orin."

Ernest wo ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ ni Priscilla ń wò.

"Ó ku ìlà kan," Fada ní. "Nínú ewì náà, ìyá ń pe ọmọ, ó ń pe ọmọ. Ìlà tó gbẹ̀yìn, ọmọ dáhùn. Ohun tó sọ, mo ti gbàgbé. Mo ti wá a, mo ti wá a. Kò sí."

Ta ló lè lé ẹni tí ìyá rẹ̀ kú padà? Ernest di ojú, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ kà á fún mi. Bí ìyá yín ṣe ń kà á gan-an."

Ẹni tó gbọ́ Faransé ì bá ti sọ fún un pé èdè náà kò ní ohùn òkè òun ìsàlẹ̀ bíi tiwa, pé orin tó bá wù ú ló lè fi sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó fi àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Kàbbà ni, bí ẹnu Fada ṣe gòkè, bó ṣe sọ̀, ibi tó ti fà, ibi tó ti gé e. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá tó kọ apá àkọ́kọ́ létí Fada, ọkùnrin náà bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ohùn ìyá mi nìyẹn," ó ní. "Ohùn rẹ̀ gan-an."

Ṣùgbọ́n mo ti sáré ju ìtàn lọ. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí dùùrù padà, ìrọ̀lẹ́ ni. Oòrùn pupa nínú eruku. Priscilla wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ernest gbé ìka lé ìlà kìíní. Ó dún. Ó bọ́ sí ìkejì. Ó dún. Ó ti ń lọ sí ìkẹta kó tó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ àga. Ó ká wọn síbẹ̀.

Kò mọ ìgbà tó ká wọn.

Yéè! Kò kígbe o, inú rẹ̀ ló ti wí i. Ó fetí sílẹ̀. Fùú. Fùú. Fùú. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà máa ń tẹ̀ ẹ́ gùn, á rọra. Èyí kúrú, ó ń yára, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Aṣọ Ayewa ń mì díẹ̀díẹ̀. Kò sí atẹ́gùn nínú ilé. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ̀yin ì bá wò, ẹ kú akin. Ernest kò wò. Ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ni kò jẹ́ kó wò. Bó bá wò, ọwọ́ á dúró.

Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó dé ibi tí tákàdá Fada parí sí, ibi tí ìlà ọmọ ti sọnù. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Afẹ́fẹ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Kò lọ. Ó kàn dúró, bí ẹni tó sé èémí, tó ń retí.

Lọ́jọ́ kejì ó dán orin ìsìn wò. Kò sí nǹkan kan. Àfi ìgbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ sórí orin Faransé. Fùú. Fùú. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó bo ẹnu kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́. Àṣé ayọ̀ lè rí báyìí? Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ rẹ̀. Bí orin bá parí, eré di tìta. Ọgbọ́n tó wá sí i lórí kò ju ẹyọ kan lọ: orin yìí kò gbọdọ̀ parí.

Fada wá, ó béèrè.

"Ó kù díẹ̀," Ernest ní.

Fada tún wá. Ó ti rù. "Tíṣà, ẹ fi orin lásán sí ìlà yẹn. Kò nílò ọ̀rọ̀."

"Rárá, Fada. Mi ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mi ò lè dá ohùn mọ́ ọmọ lẹ́nu."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Ó sì tún jẹ́ irọ́. Fada mi orí, ó lọ, ikọ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé e dé ojú ọ̀nà.

Ìyá ọmọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi irú èyí pamọ́ fún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ernest ń tẹ̀, ó rí òjìji lára ògiri. Priscilla dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká ló ń wò.

Ernest dá ọwọ́ dúró.

"Ó ti pẹ́ tó?" Priscilla béèrè.

"Láti ìgbà tí Fada mú ewì wá."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹ̀rù bà mí kí o má lọ wò ó."

"Ọmọ mi ni. Ẹ wá ń dá gbọ́ ọ."

Priscilla gbé igbá sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti dùùrù. "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Adìẹ á ti wọlé sùn, àdúgbò á máa rùn fún èéfín igi. Wọ́n á kàn máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Priscilla tó fi ẹ̀yìn ti pákó náà ló kọ́kọ́ mọ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Ta ni?"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí."

Ernest tẹ́tí. Fùú. Ó dákẹ́. Fùú. Ó dákẹ́ pẹ́. Ohùn dùùrù ń wó lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà díẹ̀, kò kàn fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyá mi kì í fi aṣọ sílẹ̀ lórí òfì kó lọ sájò," Priscilla ní. "Ó máa ń sọ pé aṣọ tí a kò gé kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń hun ún sinmi, bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹ gé e, ọkọ mi."

"Tí mo bá gé e, ó lọ nìyẹn."

"Ẹ ń fi iṣẹ́ pa á lábẹ́ ibẹ̀."

"Kò sí ìlà tí mo lè fi gé e! Fada ti gbàgbé rẹ̀!"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ayọ̀ ṣe wà nínú ohùn rẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Ojú tì í. Priscilla dìde, ó wọ inú lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ tán, Fada wá dágbére. Wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì. Ó kàn ní kí wọ́n dúró dè é ni. Priscilla ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ gbé omi wá fún un lórí àwo.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i," Fada ní. "Bó ṣe wà. Àìparí náà."

Ernest jókòó. Ó ká ẹsẹ̀. Fada rí i tó ká a, kò béèrè. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Fùú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ o, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Orin náà ń wọ́ bọ̀. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà. Yìnyín bo ipa ẹsẹ̀. Ó ń pe ọmọ. Ó ń pe ọmọ. Ernest dé ibi tí tákàdá parí sí. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Ìdákẹ́jẹ́.

Ewúrẹ́ tó ń ké níta dákẹ́. Dírẹ́bà tó ń súfèé dákẹ́. Ernest kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ó rí Fada tó yí orí, wẹ́rẹ́, sí apá ibi tí aṣọ Ayewa wà. Ẹnu ọkùnrin náà là.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Fada ní jẹ́jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ? Ó sọ ọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn."

"Ẹ sọ ọ́, Fada. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ."

Fada sọ ọ́. Faransé ni. Kì í ṣe bí Fada ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kà á. Ó ga níbẹ̀rẹ̀. Ó fà á láàárín. Ó já a sílẹ̀ lójijì.

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Priscilla. Omi dà sórí ilẹ̀.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ernest béèrè.

Fada ronú, ó ń wá Yorùbá. "Ó ní, Ìyá, má ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní pẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ọmọ yẹn máa ń ké láti ojú ọ̀nà gan-an nìyẹn. Lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. *Iye, ẹ má tì í! Mi ò ní pẹ́!* Fada kò bá wọn gbé ilé. Kò gbọ́ ọ rí. Monica kò sì gbọ́ Faransé. Kó tó di pé ewì náà wọ Kàbbà ló ti kú.

Ernest kò mira. Kò sí àwáwí mọ́. Ìlà ti dé, ohùn rẹ̀ ti dé.

"Bàbá Monica," Priscilla pè é.

Ẹnikẹ́ni kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò.

"Bàbá Monica. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣeré."

Priscilla kọjá lára wọn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣí i gbayawu. Ìmọ́lẹ̀ pupa wọlé dé ìdí dùùrù.

Ernest bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ó ń sunkún, kò nù ún. Afẹ́fẹ́ náà yára, ó kúrú, ó lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ó dé ibi tó ti máa ń dúró. Kò dúró. Ó tẹ ìlà ọmọ, bó ṣe ga, bó ṣe fà, bó ṣe já. Ó fi ìka sórí ohùn tó gbẹ̀yìn, kò gbé e. Ó ń dún. Ó ń dún. Ó tán.

Aṣọ Ayewa gbọ̀n rìrì. Lẹ́yìn ìyẹn, pákó lásán.

Fada ló ká aṣọ náà sókè. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo abẹ́ dùùrù, ó nípọn. Àwọn pátákó méjèèjì nìkan ló mọ́ tónítóní. Fada fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ó mú tákàdá orin náà, ó dì mọ́ Ernest pẹ́, ó bọ́ sínú lọ́rì. Bóyá ó dé etí sàréè ìyá rẹ̀, bóyá kò dé ibẹ̀, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Kó tó lọ, ó búra pé ohùn ìyá òun ni òun gbọ́. Priscilla ní ọmọ òun ni, kò sóhun tẹ́nìkan lè fi yí i lérò padà. Ernest ní mímí nìkan ni òun gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èwo ni ká mú? Èmi ò mọ̀, mi ò sì ní díbọ́n.

Priscilla padà sáàárín àwọn akọrin. Bó bá ń fọ aṣọ, orin Faransé náà ló máa ń kọ, kò mọ ìtumọ̀ ìlà kankan nínú rẹ̀ àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ernest sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ dùùrù.

Ilẹ̀kùn yẹn, wọn ò tì í mọ́. Kì í ṣe lọ́sàn-án, kì í ṣe lóru, kì í ṣe nínú ọyẹ́ tí eruku ń wọlé bí àlejò. Isaiah tó ń gbé ìkejì ilé wọn bá wọn wí títí. Ó ní olè á kó wọn. Ó ní ejò á wọlé.

"Ìyá Monica, ta lẹ ń dè gan-an?"

"Ó ní òun ò ní pẹ́," Priscilla ní, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.